Image tín-ín-rín fún kọ̀ǹpútà 41: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wa ní Òṣogbo

Image ni ẹ̀dà Windows (tàbí Linux) kan tí a ti tò tán, tí a ń dà kọ sórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà dípò ká máa fi sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí: kọ̀ǹpútà 41, ọ́fíìsì méjì, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ. Olú-ọ́fíìsì wọn wà ní Òkè-Fíà, ẹ̀ka kejì wà ní Ìgbọ̀nà. Windows 10 ló wà lórí gbogbo ẹ̀rọ náà, síbẹ̀ kò sí méjì tó jọra. Antivirus mẹ́ta ń bára wọn jà lórí ọ̀kan, èkejì ò ní ìkankan. Mẹ́fà nínú wọn ló ń jẹ́ "USER-PC". Nígbà tí Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ọ̀gá wọn pè mí lórí fóònù. "Ẹnjiníà, wọ́n ní Windows wa ti kú o. Owó ọmọ ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀ o."

Kò kú. Yóò máa tàn bó ṣe ń tàn tẹ́lẹ̀. Ihò tí àwọn olè bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lára rẹ̀ ni kò sẹ́ni tí yóò bá wọn dí i mọ́, àfi ẹni tó bá sanwó. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ra àfikún ọdún kan yóò san dọ́là 61 lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún kejì ó di ìlọ́po méjì, lọ́dún kẹta ó tún di ìlọ́po méjì, ó parí nìyẹn. Ẹ bá mi ro ó: dọ́là 427 lórí kọ̀ǹpútà kan láàárín ọdún mẹ́ta. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí wọ́n ń lò, wọn ò rà á tó bẹ́ẹ̀. A gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kíka ẹ̀rọ

Ọmọ tó ń ṣe I.T. lọ́dọ̀ wa, akẹ́kọ̀ọ́ Uniosun, ló mú ìwé káàkiri. Ohun tí mo ní kó kọ sílẹ̀ kò pọ̀: processor, RAM, irú dísìkì, bóyá TPM 2.0 (ẹ̀yà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò) wà níbẹ̀, bóyá UEFI ni BIOS rẹ̀ (ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé) ń lò tàbí ti àtijọ́, àti MAC address (nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ̀kì fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀). Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, Windows 11 kì í gba processor Intel tó bá ṣáájú ìran kẹjọ. Ó tún ń fẹ́ TPM 2.0, Secure Boot (tí kì í jẹ́ kí ètò tí kò ní ìwé-ẹ̀rí jí ẹ̀rọ), RAM 4GB àti ààyè 64GB, ó kéré tán. Lójú tèmi, 4GB yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ̀rọ tí ò bá ní 8GB, mi ò ní fi Windows 11 sí i, kí ẹni tó ń lò ó má baà máa ṣépè fún mi láàárọ̀.

Ẹ̀rọ 23 ló yege. Mẹ́jọ nínú wọn kọ́kọ́ ní àwọn ò ní TPM, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ó wà lára wọn, wọ́n pa á sínú BIOS ni. PTT ni Intel ń pè é, kò sì hàn pé TPM ni, òun ló fi ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹ tàn án, ẹ tún ẹ̀rọ tàn, ẹ tẹ tpm.msc kí ẹ rí i fúnra yín kí ẹ tó sọ fún oníbàárà pé kó lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun.

Mẹ́rìnlá ti dàgbà jù, ìran kẹfà sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ara wọn ṣì le. Mẹ́rin tó kù, ẹ̀yà ara la tú wọn fún.

Mo mọ̀ pé ọ̀nà ẹ̀yìn wà. Rufus, ètò kan tó ń gbé Windows sórí flash, lè bá èèyàn fo gbogbo ìdánwò yẹn kọjá. Lórí laptop ilé mi, kò burú. Níbi tí wọ́n ti ń ka owó olówó, rárá. Microsoft fúnra rẹ̀ sọ pé òun ò ṣèlérí àtúnṣe fún ẹ̀rọ tó bá gba ibẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe gan-an la torí ẹ̀ ń ṣe gbogbo wàhálà yìí. Torí náà, àwọn mẹ́rìnlá yẹn ń lọ sórí Linux Mint 22, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows, èyí tí wọ́n máa tọ́jú títí di 2029. Inú browser ni sọ́fítíwíà tí ẹgbẹ́ náà fi ń ṣọ́ owó ti ń ṣiṣẹ́, kò bìkítà irú ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Sáfà

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tó lágbára díẹ̀ la sọ di sáfà: RAM 16GB, SSD 1TB, Debian (Linux mìíràn) lórí rẹ̀, FOG, ètò tó ń ya image tó sì ń pín in fún ẹ̀rọ, lórí Debian. Kí ló dé tí kì í ṣe irinṣẹ́ Microsoft? Nítorí àwọn irinṣẹ́ àtijọ́ tí gbogbo wa fi kọ́ṣẹ́ ti ń kógbá wọlé. MDT, ẹ̀dà 8456 tó jáde ní 2019 ni wọ́n ṣe kẹ́yìn. WDS, bí èèyàn bá kàn gbé boot.wim (fáìlì tí Windows fi ń bẹ̀rẹ̀ ìfisẹ́ rẹ̀) inú Windows 11 fún un láti fi ṣe ìfisẹ́, kì í gbà mọ́. Intune sì ń gba owó lórí orí kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. FOG, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti wà láti 2007.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Kọ̀ǹpútà tí kò ní nǹkan kan nínú dísìkì á jí, á bi nẹ́tíwọ̀kì léèrè pé "ta ni mí, níbo ni mo ti máa rí ohun tí mo fẹ́ tàn?" Èyí ni wọ́n ń pè ní PXE. DHCP, tó ń pín àdírẹ́sì (IP) fún ẹ̀rọ, ló máa ń dáhùn: option 66 sọ àdírẹ́sì sáfà, option 67 sọ orúkọ fáìlì. Rúútà tí wọ́n gbé fún ọ́fíìsì náà nígbà tí wọ́n fa íntánẹ́ẹ̀tì wọlé kò fàyè gba kéèyàn fọwọ́ kan 66 tàbí 67. A ò bá a jà. A fi dnsmasq, ètò kékeré kan tó mọ iṣẹ́ DHCP, sórí sáfà, a ní kó ṣe proxy: rúútà ń pín IP lọ bó ṣe ń pín in, dnsmasq á wá fi ọ̀rọ̀ PXE kún un láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yin tí rúútà yín bá ya alágídí, ẹ má ra òmíràn títí ẹ ó fi gbìyànjú èyí.

Sáfà kan náà ló gbé Samba tó ń ṣe iṣẹ́ domain controller (olórí tó ń ṣàkóso orúkọ, pásíwọ́ọ̀dù àti òfin gbogbo ẹ̀rọ inú agbo kan, ìyẹn domain), nínú VM (kọ̀ǹpútà àfarawé inú kọ̀ǹpútà) tirẹ̀. Láti Samba 4 ní 2012 ló ti lè ṣe é, Windows á sì dara pọ̀ mọ́ ọn bí ẹni pé Active Directory ti Microsoft ni. Àmọ́ Windows Home kì í wọ domain, Pro ló ń wọ̀ ọ́. Márùn-ún nínú ẹ̀rọ 23 yẹn jẹ́ Home, wọ́n sì ní láti ra Pro fún wọn. Inú akápò ò dùn.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ tún kù, èyí tí ọ̀pọ̀ ń fò. Àṣẹ Windows tó bá kọ̀ǹpútà wá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò fúnni lẹ́tọ̀ọ́ láti fi image kan ṣoṣo pààrọ̀ ohun tó wà lórí gbogbo wọn. Oníbàárà Volume Licensing (tó ń ra àṣẹ lápapọ̀ lọ́wọ́ Microsoft) ló ní ẹ̀tọ́ yẹn, kò sì dandan kó ra ti gbogbo ẹ̀rọ, bí ẹ̀dà Windows tó ń fi sí i bá ṣáà jẹ́ irú èyí tí ẹ̀rọ náà ní àṣẹ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo jẹ́ kí ọ̀gá wọn mọ èyí kí a tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí a parí.

Image

Ibí ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa oníkọ̀ǹpútà ti ń di ẹrù tó wúwo ju orí lọ. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á fi Windows sórí ẹ̀rọ kan, á kó Office, Chrome, driver prínta mẹ́rin, antivirus, VLC àti gbogbo ohun tó ti gbọ́ rí sórí rẹ̀, á wá ya gbogbo rẹ̀ ní image 60GB. Ọjọ́ tó yà á gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Kó tó di oṣù kan, Chrome ti yí padà. Nígbà tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta, ẹ̀rọ tó bá jáde látinú image yẹn á jókòó máa fa àtúnṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kó tó ṣeé gbé fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á wá ya òmíràn, 65GB.

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí kì í tètè yí padà nìkan ló yẹ kó wà nínú image: Windows 11 Pro fúnra rẹ̀, àtúnṣe oṣù tí a wà, aago wa (Windows ń pè é ní W. Central Africa Standard Time, ẹ má wá Lagos níbẹ̀), kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, àti FOG client tí yóò sọ ẹ̀rọ lórúkọ tí yóò sì mú un wọ domain. Ó tán. Ohun tó kù, lẹ́yìn ni yóò wọlé, látọ̀dọ̀ sáfà. Lẹ́yìn tí FOG fún un pọ̀, image náà jẹ́ bíi 13GB.

Ẹnì kan bi mí pé kí ni kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ń wá níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń forúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ló béèrè fún un. Bí Ṣadé bá di Sade nínú ìwé, tí àádọ́ta irú rẹ̀ sì wà nínú ẹgbẹ́, ọjọ́ pínpín èrè ni wọ́n máa ń mọ̀.

Inú VirtualBox, ètò tó ń dá VM, ni mo ti kọ́ image yìí, kì í ṣe lórí ẹ̀rọ gidi, kí driver ẹnikẹ́ni má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí Windows bá béèrè orílẹ̀-èdè, Ctrl+Shift+F3 ló ń mú èèyàn wọ audit mode, níbi tí a ti lè ṣiṣẹ́ láìdá aṣàmúlò kankan. Nẹ́tíwọ̀kì ò sí lára VM náà ní gbogbo àsìkò yìí. Fáìlì àtúnṣe ni mo gbé wọlé lọ́tọ̀. Ìdí ni pé bí Store (ọjà app ti Microsoft) bá ráyè tún app kan ṣe fún aṣàmúlò kan ṣoṣo, sysprep, ètò tó ń pa ìdánimọ̀ ẹ̀rọ rẹ́ lára Windows kí a tó ya image, á kọ̀ jálẹ̀, yóò sì fún yín ní ọ̀rọ̀ kan tí kò sọ nǹkan kan. Ẹjọ́ rẹ̀ wà nínú C:\Windows\System32\Sysprep\Panther\setupact.log. Orúkọ app tó ń dínà á wà níbẹ̀, Remove-AppxPackage ló ń lé e lọ.

Nǹkan méjì ló kù kí a tó ya image. Àkọ́kọ́, powercfg /h off, torí Fast Startup kì í jẹ́ kí Windows kú tán, FOG ò sì ní fẹ́ fọwọ́ kan partition (apá dísìkì) tí kò kú tán. Èkejì ni BitLocker, ohun tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti dísìkì. Láti ẹ̀dà 24H2, Windows 11 lè ti dísìkì pa fúnra rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Ẹ fi manage-bde -status wò ó. Bó bá ti di títì, FOG ò lè sún partition náà kì.

Lẹ́yìn náà, snapshot, ìyẹn ẹ̀dà VM bó ṣe wà lásìkò náà. Lẹ́yìn snapshot ni sysprep /generalize /oobe /shutdown. Inú snapshot yẹn ni mo máa ń padà sí nígbà tí àtúnṣe tuntun bá jáde, mi ò jẹ́ tún image tó ti gba sysprep kọjá ṣe.

Wáyà

Gbọ̀ngàn ìsanwó ní Òkè-Fíà la kọ́kọ́ dáwọ́ lé, kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú multicast. Dípò kí sáfà máa bá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń kéde lẹ́ẹ̀kan bí akéde ọba, gbogbo wọn á sì gbọ́ pa pọ̀. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwọ̀n ẹsẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù ni gbogbo wọn fi ń rìn.

Lórí switch (àpótí tó ń so wáyà gbogbo ẹ̀rọ pọ̀) 1000Mbps, 13GB kò yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ wákàtí. Ṣùgbọ́n Partclone, tí FOG fi ń da dísìkì kọ, ń fa ẹsẹ̀ nílẹ̀, àkókò tó ní ó kù ń pọ̀ sí i dípò kó dín. A wo sáfà, kò síṣòro. A wo SSD, kò síṣòro. Mo ti fẹ́ máa fura sí IGMP snooping (bí switch ṣe ń pín multicast) nígbà tí ọmọ I.T. wa tó dúró sídìí switch pè mí: "Ọ̀gá, ẹ wá wò ó, iná eléyìí ò jọ tàwọn tó kù." Mẹ́jọ ń tàn ní àwọ̀ ewé, ọ̀kan ní àwọ̀ ọsàn. 100Mbps.

Wáyà Cat5e ní okùn tín-tìn-tín mẹ́jọ nínú, tí wọ́n lọ́ ní méjì-méjì. Mẹ́rin péré ni 100Mbps ń lò. 1000Mbps ń fẹ́ gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Èyí ni pé wáyà tí okùn kan já nínú mẹ́rin tí 100Mbps ò lò á ṣì máa ṣiṣẹ́, yóò ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì, yóò tẹ̀wé, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló ti tú. Orí àjà ni wáyà náà gbà kọjá, èkúté sì ti jẹ níbẹ̀. Nígbà tí a gé e, a tún rí ohun mìíràn: a fi abẹ họ okùn náà, inú rẹ̀ funfun. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà pa lójú ni. Irú èyí ń ṣẹ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ó sì pọ̀ lọ́jà. Kí ẹ tó ra káàtọ̀nù wáyà, ẹ mú abẹ dání. Ẹni tó bá ń ta ojúlówó ò ní bínú.

A pààrọ̀ gbogbo wáyà orí àjà náà. Ó gba àkókò ju fífi Windows sórí gbogbo ẹ̀rọ lọ, òun sì ni apá iṣẹ́ yìí tí ọ̀gá wọn ò rò pé òun máa sanwó fún. Nígbà tí a padà sídìí multicast, Alhaja tó jẹ́ olórí àwọn agbowó ò tíì kírun tán tí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fi parí.

Iná ńkọ́? Yàrá tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà nínú ìlú Òṣogbo yìí, ìyẹn ò ní kó má lọ. Sáfà àti switch wà lórí inverter, àwọn ẹ̀rọ yòókù ò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí iná bá lọ mọ́ lójú láàárín image, ẹ kàn tún un bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́. Èyí tó lè dun èèyàn ni kí iná lọ nígbà tí a ń ya image tuntun sórí ti àtijọ́. FOG ti rò ó: inú /images/dev ló kọ́kọ́ ń kó tuntun sí, ìgbà tó bá pé tán ló ń gbé e sípò. Ti àtijọ́ á wà títí di ìgbà náà.

Lẹ́yìn image

Secure Boot la ní láti pa kí FOG tó ráyè wọlé, kí a sì tún tàn án lẹ́yìn náà. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn kò jẹ́ kí FOG rí dísìkì NVMe wọn rárá, torí BIOS wọn ń bá dísìkì sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà RAID. AHCI ló yẹ kó wà, ẹ sì yí i kí image tó wọlé, nítorí bí ẹ bá yí i lẹ́yìn tí Windows ti jókòó, ojú búlúù ni yóò kí yín.

Orúkọ ẹ̀rọ jáde látinú ìwé tí a kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: OKF-ISANWO-03, IGB-AKAPO-01. Kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 15 lọ. Méjì kọ̀ láti wọ domain. Wọ́n ní pásíwọ́ọ̀dù ò tọ́, bẹ́ẹ̀ ó tọ́. Aago wọn ló wà ní ọdún mìíràn, torí bátìrì CR2032 inú wọn ti kú. Kerberos, tó ń yẹ ìdánimọ̀ wò nínú domain, kì í gbà kí aago ẹ̀rọ àti ti sáfà fi ju ìṣẹ́jú márùn-ún jìnnà síra. Bátìrì náà ò wọ́n, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe ní Ọláìyá la ti rà á.

Group Policy, òfin tí domain ń pín fún ẹ̀rọ, ló ń ṣe ìyókù: prínta wo ni ti yàrá wo, ta ni kò gbọdọ̀ ki flash sí kọ̀ǹpútà, ìgbà wo ni ojú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tì. Bí ẹ bá yí nǹkan padà, ẹ má retí rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ìṣẹ́jú 90 ni, pẹ̀lú tó ìṣẹ́jú 30 lórí rẹ̀, kí gbogbo wọn má baà ya lu sáfà lẹ́ẹ̀kan. Fún àtúnṣe Windows, mi ò lo WSUS, sáfà àtúnṣe ti Microsoft. Microsoft ti sọ ní 2024 pé òun ò ní fi ohun tuntun kún un mọ́. Delivery Optimization la lò, lórí mode 1: ẹ̀rọ kan á fà á láti íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó kù á gbà á lọ́wọ́ ara wọn nínú ọ́fíìsì. Dátà tí wọ́n ń rà lóṣù dín kù tó fi jẹ́ pé akápò ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

Àwọn mẹ́rìnlá

Mint Xfce ni, torí kì í jẹ RAM púpọ̀. Image kan ṣoṣo la yà fún gbogbo wọn nínú FOG, àmọ́ ó ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ẹ̀rọ tí a dàkọ ń gbé /etc/machine-id (nọ́ńbà ìdánimọ̀) àti kọ́kọ́rọ́ SSH (ọ̀nà tí a fi ń darí ẹ̀rọ látòkèèrè) ti ìyá rẹ̀ dání, mẹ́rìnlá á wá jẹ́ ẹnì kan náà. A pa wọn rẹ́ kí a tó ya image. Bẹ́ẹ̀ ni sshd, tó ń dáhùn SSH, kì í dìde tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́, kì í sì í dá ṣe é fúnra rẹ̀. A kọ iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe dpkg-reconfigure openssh-server nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ jí. Láti ìgbà náà, Ansible, tó ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, ló ń bá wọn sọ̀rọ̀, fáìlì kan ṣoṣo fún gbogbo wọn.

Alhaja ni mo bẹ̀rù jù. Wọ́n wo ojú ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀. "Ẹnjiníà, níbo ni ẹ gbé Chrome mi sí?" Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ṣí i, wọ́n wọlé sórí sọ́fítíwíà ẹgbẹ́, wọ́n tẹ rìsíìtì kan jáde. "Ẹ ṣeun." Wọn ò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ń fi macro inú Excel ṣiṣẹ́ nìkan ni a ò gbé lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ Windows 11 la fún wọn, bí wọn ò bá tilẹ̀ ní ipò tó ga.

Ìgbọ̀nà

WireGuard (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ló so ọ́fíìsì méjèèjì pọ̀, ó sì tó fún domain àti Ansible. Kò tó fún image. TFTP, tí PXE fi ń gba fáìlì, ń dúró gba ìdáhùn kí ó tó fi ìdì tó tẹ̀lé e ránṣẹ́, ọ̀nà jíjìn sì ń pa á. Laptop kan la sọ di storage node FOG (ibi ìtọ́jú image), a kó image sínú rẹ̀ ní Òkè-Fíà, a gbé e wọ Màrúwá lọ sí Ìgbọ̀nà. Kò sí ohun tó yára tó bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, ẹ̀rọ méjì ní Ìgbọ̀nà ṣì ń retí SSD, dísìkì àtijọ́ inú wọn ti ń ké. Iṣẹ́ kejì tó kù ni Secure Boot: oṣù Kẹfà ọdún 2026 ni àwọn ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ tí Microsoft ṣe ní 2011 bẹ̀rẹ̀ sí í parí, àwọn ti 2023 ló sì ń rọ́pò wọn. Àtúnṣe Windows ló ń gbé tuntun wọlé, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ kan máa nílò BIOS tuntun kí wọ́n tó gbà á. Ọmọ I.T. ti tún mú ìwé rẹ̀ káàkiri, nọ́ńbà ẹ̀dà BIOS ló ń kọ lọ́tẹ̀ yìí.